Egungun Etí Epìyà Inú Akájà Ìjọ

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 oṣù Kejì, 1987

A ṣí akájà ìjọ lónìí, ọgbà ẹ̀ka igi tí a gún sínú ọ̀sà kí ẹja lè máa gbé ibẹ̀. Ìtìjú gbáà.

Láti òwúrọ̀ ni gbogbo ará abúlé Zungodo ti wà lórí omi, ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, àwọn obìnrin ń kọrin ìdúpẹ́. A ta àwọ̀n yí akájà ká, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn ẹ̀ka igi yọ kúrò nínú ẹrẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún. Láti ìṣísílẹ̀ kan dé èkejì, ẹnikẹ́ni kì í ju ìwọ̀ síbẹ̀. Ti Olúwa ni. Ẹja a máa wá sápamọ́ sáàárín ẹ̀ka wọ̀nyẹn, a máa jẹ ohun tútù tó ń hù lára igi, a sì máa bí sí i. Lọ́dún tó kọjá, agbọ̀n wa kò gbà á, a lọ yá agbọ̀n lọ́wọ́ àwọn Kátólíìkì.

Lónìí – ìwọ̀nba Onítẹ̀ẹ́, epìyà tó ń tẹ́ ìtẹ́ sínú ẹrẹ̀, tí àwọ̀n kó mọ́ra láti etí koríko. Agbọ́mọsẹ́nu, epìyà aládùn tó máa ń tọ́jú ọmọ rẹ̀ sẹ́nu, èyí tí a tìtorí rẹ̀ gbin akájà gan-an – a kò rí ẹyọ kan.

Orin dúró. Agogo (bẹ́ẹ̀ ni mo ń pe Gandonu, olórí àwa alàgbà, nínú ìwé yìí, nítorí ohùn rẹ̀) gbójú sókè, ó sì wo Avose, olùṣọ́ akájà. Gbogbo ènìyàn sì wo ibi tí Agogo ń wò.

Ọjọ́ Àìkú, 15 oṣù Kejì

Ìsìn Ìdúpẹ́. A dúpẹ́. N kò mọ ohun tí a dúpẹ́ lé lórí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 oṣù Kejì

Ìgbìmọ̀ Àgbà jókòó.

Avose dúró níwájú wa láìwọ bàtà. Ó ní òun kò mú ẹja Olúwa. Ó ní ajá-omi ló jẹ ẹ́: òun máa ń rí i tó bá di ìrọ̀lẹ́, irunmú rẹ̀ gígùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ bí ti pẹ́pẹ́yẹ, ó ń yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ akájà pẹ̀lú ẹja lẹ́nu. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Agogo ní irú ajá-omi wo ló mọ ẹja aládùn yàtọ̀ sí ẹja tí kò dùn, ṣé ìyàwó rẹ̀ ló ń dáná fún un ni? Ẹ̀rín tún bú. Pásítọ̀ Tohozin, ọmọdékùnrin onírẹ̀lẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ dé, tí ẹ̀rù Agogo sì ń bà, rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn kó tó fọwọ́ bo ẹnu.

Mo bèèrè ẹni tó rí Avose pẹ̀lú ẹja náà. Agogo ní, “Alàgbà Hágáì, agbọ̀n òfìfo ni ẹlẹ́rìí wa.”

Wọ́n dìbò. A yọ Avose kúrò nídìí Tábìlì Olúwa títí yóò fi jẹ́wọ́. N kò na ọwọ́ mi sókè. Ó wà lórí orúnkún mi.

Ọjọ́ Àìkú, 22 oṣù Kejì

Wọ́n ka orúkọ rẹ̀ sétí ìjọ. Nunayọn ìyàwó rẹ̀ dìde dúró nígbà tí wọ́n ń kà á, ọmọ titun lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n kà á tán, kò jókòó. A kọ orin, a gbàdúrà, a wàásù, obìnrin náà wà lórí ìdúró. Ẹnikẹ́ni kò láyà láti ní kó jókòó. Avose wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí a ń fi àwọn tí a bá wí sí.

Ọjọ́ Ajé, 23 oṣù Kejì

Avose wá. Kò ní kí n bá òun bẹ ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù tó ń bọ̀ ni ìrìbọmi ọmọ, òfin wa sì ni pé bàbá tí a bá yọ kúrò nídìí Tábìlì kò gbọdọ̀ gbé ọmọ rẹ̀ dúró níbi omi. Ẹlòmíràn ni yóò gbé e, ẹlòmíràn ni yóò sì dá Pásítọ̀ lóhùn nígbà tó bá bèèrè orúkọ. “Bàbá, àkọ́bí mi ni. Ẹnu àjèjì ni wọn yóò ti gbọ́ orúkọ rẹ̀?”

Bó ti lọ tán ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn sókè-sódò nínú iyàrá bí ẹranko inú àgò. Inú ń bí mi sí Agogo, ó ń bí mi sí Pásítọ̀, ó ń bí mi sí ara mi tí mo mọ̀wé tán tí n kò sì rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ìgbà náà ni mo rántí iṣẹ́ tí mo ṣe lẹ́yìn tí mo jáde nílé ẹ̀kọ́ míṣọ́n. Mo bá òyìnbó kan tó ń wádìí ẹja ọ̀sà ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún. Orí ẹja ni a ń là, a ó sì yọ egungun etí: òkúta funfun kékeré tó wà nínú agbárí, tí ẹja fi ń gbọ́ràn, tó sì fi ń dúró ṣánṣán nínú omi. Olúwa fún irú ẹja kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Epìyà méjèèjì yìí jọra bí ìbejì. Tí wọ́n bá ti di yíyan, ìyá wọn kò lè dá wọn mọ̀. Ṣùgbọ́n egungun etí Agbọ́mọsẹ́nu kì í ṣe ti Onítẹ̀ẹ́, kò jọ ọ́ rárá. Ẹranko tó bá sì jẹ ẹja, ohun gbogbo a lè jẹrà nínú rẹ̀, egungun etí a máa bá ìgbẹ́ jáde.

Kí ajá-omi wá jẹ́rìí fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 oṣù Kejì

Avose tukọ̀ gbé mi lọ sí ilé Hunsu tó ti wó, lẹ́yìn akájà gan-an. Ẹsẹ̀ ilé náà ṣì dúró nínú omi, ilẹ̀ pákó rẹ̀ sì wà lókè ibi tí ìkún omi ń dé. Ibẹ̀ ni àwọn ajá-omi sọ di ilé ìgbẹ́. Òkìtì! Òórùn rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Mo fi ṣíbí bu èyí tó wà lókè, tó ṣì rọ̀, sínú àpò. Avose ń wò mí. Ó ní, “Bàbá, tí Bàbá Gandonu bá rí yín báyìí, wọn yóò ní orí yín ti yí.” Ó rẹ́rìn-ín – ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a ṣí akájà.

Ọjọ́bọ̀, 26 oṣù Kejì

Ogun bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé yìí. Asiba, ìyàwó ọmọ mi, bá mi níbi tí mo ti ń fi asẹ́ rẹ̀ fọ ìgbẹ́ ajá-omi. “Bàbá! Asẹ́ tí mo fi ń sẹ́ ògì ẹ̀kọ akasa!” Mo ní n ó ra òmíràn fún un. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ asẹ́, ó ní òun ń bá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ òun wẹ̀ lẹ́bàá omi, kí ni òun yóò sọ pé bàbá ọkọ òun ń ṣe? Mo ní kó sọ pé ó ń wá òtítọ́. Ó ní, “Nínú ìgbẹ́?”

Bẹ́ẹ̀ ni. Níwọ̀n ìgbà tí kò sí nínú Ìgbìmọ̀ Àgbà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 oṣù Kejì

Olúwa, kí ni mo ṣe yìí.

Kí ó má baà jẹ́ pé ọjọ́ orí ló ń tàn mí, mo ní kí Asiba ra epìyà méjèèjì ní tútù wá láti ọjà orí omi. Mo la orí wọn, mo yọ egungun etí, mo tò wọ́n sórí aṣọ dúdú, mo sì fi dígí tó ń sọ kékeré di ńlá wò wọ́n. Gẹ́lẹ́ bí mo ti mọ̀ wọ́n ni wọ́n rí. Ti Agbọ́mọsẹ́nu ṣe róbótó, ó nípọn, iwájú rẹ̀ kújú. Ti Onítẹ̀ẹ́ gùn, ó ní ẹnu ṣóńṣó níwájú bí ẹnu ẹyẹ, etí rẹ̀ sì rí wíńwín bí eyín ayùn.

Mo wá tú àwọn tí mo fọ̀ sílẹ̀. Onítẹ̀ẹ́. Onítẹ̀ẹ́. Onítẹ̀ẹ́. Mo ṣà wọ́n títí ọrùn fi ń ro mí. Mo tún wọn ṣà. Kò sí Agbọ́mọsẹ́nu kan ṣoṣo nínú wọn.

Ajá-omi kò fọwọ́ kan ẹja Olúwa. Avose parọ́ fún mi.

Ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù Kẹta

N kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni nínú ìsìn.

Ọjọ́rú, 4 oṣù Kẹta

Ọjọ́ eérú. Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Inú ààwẹ̀ ni mo wà tí mo fi lọ pariwo mọ́ ènìyàn.

Mo lọ bá Avose nílé, mo da ọ̀rọ̀ sí i lójú láìjókòó. Mo pè é ní olè àti òpùrọ́. Mo ní ó fi mí ṣe ẹlẹ́yà, ó jẹ́ kí n kó ọwọ́ àgbà bọ inú ìgbẹ́. Avose kàn ń wo àwọ̀n tó ń tún ṣe. Nunayọn ló jáde láti inú ilé, ọmọ lọ́mú, ó sì bọ̀wọ̀ fún mi títí kan ibi tí kò ti lè bọ̀wọ̀ mọ́.

Ó ní, “Ẹ kú ààwẹ̀, Bàbá. Ṣé ajá-omi náà ń gbààwẹ̀ ni? Akájà wà ní iwájú ilé rẹ̀, ẹja aládùn kún inú rẹ̀, ó wá yí i po lọ síbi koríko lọ máa ṣa Onítẹ̀ẹ́ jẹ? Kí ọkọ mi tó jí ẹja náà, kí ló dí ajá-omi lọ́wọ́ láti jẹ díẹ̀?”

Mo ní kó má bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ti sọ ọ́.

Mo bínú wọ ọkọ̀. Mo bínú dé ilé. Mo ti ń bínú láti àárọ̀, ìbéèrè rẹ̀ sì wà nínú agbárí mi bí egungun tó há.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù Kẹta

Mo padà sí ilé Hunsu, mo dá ọkọ̀ tù fúnra mi. Ìgbẹ́ òkè ni mo bù lọ́jọ́ náà, ti ọdún yìí. Lónìí, mo wa ìsàlẹ̀ òkìtì náà, ibi tó ti gbẹ, tó ti le bí èépá, ti ọdún tó kọjá àti ti èyí tó ṣáájú rẹ̀. Mo fọ̀ ọ́ níbẹ̀, nínú omi ọ̀sà, pẹ̀lú asẹ́ Asiba (ó ti di tèmi báyìí).

Agbọ́mọsẹ́nu! Róbótó, róbótó, róbótó, wọ́n ń dán nínú àtẹ́lẹwọ́ mi bí ìrẹsì. Onítẹ̀ẹ́ kò tó nǹkan láàárín wọn.

Lọ́dún tó kọjá, ẹranko yìí ń jẹ Agbọ́mọsẹ́nu àjẹyó. Lọ́dún yìí, kò rí ọ̀kan jẹ. Kò jẹ ẹ́ nítorí pé kò sí. Ẹja náà kò wọ akájà wa rárá. Ẹnikẹ́ni kò jí i. Kò sí ohun tí a lè jí.

Mo jókòó sórí pákó yẹn láàárín ìgbẹ́, mo sì bẹ Olúwa nítorí ohun tí mo pe Avose.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 oṣù Kẹta

Mo lọ síbi tí a kó àwọn ẹ̀ka akájà jọ sí lẹ́yìn ìṣísílẹ̀. Mo fọwọ́ pa wọ́n lára. Igi tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú omi yẹ kó máa yọ̀ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ fún ohun tútù tó hù lára rẹ̀. Ìwọ̀nyí mọ́ bí ẹni fi kànìnkànìn fọ̀ wọ́n. Mo tọ́ èèpo ọ̀kan wò. Mo tu ú dànù.

Dóńgóyárò.

Ẹ̀gbà, igi inú ẹrẹ̀ ọ̀sà, ni a ti ń gún láti ìgbà àwọn bàbá wa. Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn ìṣísílẹ̀, ìjọba ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé e mọ́. Agogo wá dìde nínú ìsìn, ó ní òun yóò fi igi oko òun lórí ilẹ̀ tọrẹ. Ọkọ̀ ńláńlá méjì ló kó o dé, pẹ̀lú ewé lórí. Pásítọ̀ gbàdúrà lé e, ìjọ ṣe Àmín, èmi náà ṣe é. Igi tí a ń se fún ibà, tí a ń fi ewé rẹ̀ lé kòkòrò nínú àgbàdo, ni a kó lọ gún sínú ilé ẹja. Ẹja tó bá ní imú, ṣé yóò wọ ibẹ̀?

Inú ń bí mi sí ọkùnrin yẹn. Kì í ṣe nítorí igi. Àṣìṣe ni igi. Ṣùgbọ́n ó wo agbọ̀n òfìfo, ojú rẹ̀ sì lọ tààrà sọ́dọ̀ ẹni tí kò ní oko lórí ilẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 oṣù Kẹta

Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ síwájú Ìgbìmọ̀: ti ẹja tútù, ti ọdún tó kọjá, ti ọdún yìí, lórí aṣọ dúdú. Mo ṣàlàyé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo gbé dígí fún wọn.

Agogo kò gbà á. Ó ní, “Alàgbà, ẹ gbé ìgbẹ́ wọ ilé Ọlọ́run?” Mo ní mo ti fọ̀ ọ́. Alàgbà Bosu, tó ti ń sùn, gba dígí, ó wò ó pẹ́, ó ní lóòótọ́ o, wọn kò jọra, ó dà bí ẹ̀pà àti ẹ̀gúsí. Agogo ní bóyá ajá-omi ti ọdún tó kọjá ti kú, ti ọdún yìí kò sì fẹ́ràn Agbọ́mọsẹ́nu. Bosu ní, “Ìyàwó rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n sè.” Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀.

Mo wá sọ ọ̀rọ̀ dóńgóyárò.

Ẹ̀rín gé. Mo gbọ́ bí omi ti ń lu ẹsẹ̀ ilé ìjọsìn. Agogo rọra bèèrè, ní ohùn tí n kò gbọ́ rí lẹ́nu rẹ̀, pé ṣé igi tí a gbàdúrà lé lórí ni mò ń sọ. Mo ní òun ni. Ó ní ṣé àdúrà ni kò gbà? Mo ní àdúrà gbà, ẹja ni kò gbà.

Pásítọ̀ ní kí a fi oore-ọ̀fẹ́ parí ìpàdé.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù Kẹta

Pásítọ̀ Tohozin wá nìkan. Kò jẹ́ kí Asiba bu omi fún òun. Ó ní àwọn ti rí i pé òótọ́ ni mo sọ. Ṣùgbọ́n Bàbá Gandonu ti darúgbó, Bàbá Gandonu ló gbẹ́ àtẹ̀gùn ilé ìjọsìn, ọ̀rọ̀ dóńgóyárò yóò pa á. Wọn yóò dá Avose padà sídìí Tábìlì, yóò gbé ọmọ rẹ̀. Ṣé kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ nìyẹn?

Mo ní gbangba ni a ti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Ṣé gbangba ni a ó ti tún un ṣe? Ó ní, “Bàbá, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún mi. N ó wá ọ̀rọ̀ tó dára.”

Mo gbà á gbọ́. Mo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Avose àti Nunayọn. Avose di ọwọ́ mi mú. Nunayọn fún mi ní ẹja yíyan àti akasa, ó ní Onítẹ̀ẹ́ ni o, kí n má là á lórí.

Ọjọ́ Àìkú, 22 oṣù Kẹta

Mo fẹ́ kọ ọ́ létòlétò, kí ìbínú má baà dà á rú.

Avose wà níbi omi, aṣọ funfun lọ́rùn, ọmọ lọ́wọ́. Èmi ni mo di ife mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tábìlì. Pásítọ̀ ṣí ìwé rẹ̀, ó ní Ìgbìmọ̀ Àgbà, nínú àánú, ti dárí ji arákùnrin wa Avose, kí ìjọ sì gbà á padà pẹ̀lú ìfẹ́.

Dárí jì í!

Ìjọ ṣe Àmín. Àwọn obìnrin kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Pásítọ̀ ti ọwọ́ bọ omi. Avose kò na ọmọ náà sí i. Ó bèèrè, kò pariwo, ṣùgbọ́n ibi gbogbo gbọ́ ọ: “Pásítọ̀, kí ni ẹ dárí rẹ̀ jì mí?”

Pásítọ̀ wo Agogo. Agogo ní kó gba ìdáríjì, kó má ba ọjọ́ ọmọ jẹ́. Avose ní, “Mo fẹ́ gbà á, Bàbá. Ohun tí mo ṣe nìkan ni kí ẹ sọ.”

Ọwọ́ Pásítọ̀ wà nínú omi síbẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ ohun tí Avose ṣe.

Ó fi etí aṣọ bo orí ọmọ rẹ̀ tó gbẹ, ó sì jáde. Nunayọn tẹ̀ lé e. Lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó ní ọmọ òun kò ní í jẹ́ ọmọ olè tí wọ́n ṣàánú. Lẹ́yìn náà a gbọ́ ọ̀pá ìtukọ̀ wọn tó kan ẹsẹ̀ ilé, lẹ́ẹ̀kan.

Mo gbé ife sórí Tábìlì. Mo rìn lọ sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, mo jókòó sí àyè Avose. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí ẹni tí yóò gbé ife náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 oṣù Kẹta

Agogo fúnra rẹ̀ ló wá. Ó gun àkàsọ̀ wa pẹ̀lú ìnira. Mo na ọwọ́ sí i. Asiba gbé ìjókòó. Ó ní Ìgbìmọ̀ ti jókòó láìsí mi. Ohun tí mo ṣe pẹ̀lú ife mímọ́ kò ṣeé fojú fò, wọ́n ti yọ èmi náà kúrò nídìí Tábìlì. Ṣùgbọ́n àgbà ni mí. Kí n kàn wá sọ pé mo ṣì í, wọn yóò dárí jì mí kí Àjíǹde tó dé.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Mo ní èmi náà ní ìròyìn ayọ̀ fún un. Mo ní mo ti gbàdúrà lé e, mo sì ti dárí jì í.

Ó dìde débi pé ìjókòó ṣubú. Ohùn agogo náà padà sí i lẹ́nu, gbogbo ilé tó yí wa ká gbọ́: “Dárí jì mí? Èmi Gandonu? Kí ni mo ṣe?”

Mo ní kó jókòó. Mo ní ìbéèrè tí Avose bi wá gan-an nìyẹn.

Kò jókòó. Ṣùgbọ́n kò tíì lọ. Ó wà lẹ́nu àkàsọ̀ bí mo ti ń kọ èyí, ó di igi rẹ̀ mú, ó kọjú sí ọ̀nà ilé Avose.